Ọkọ̀ Aláwọ̀ Ewé Lójú Ọ̀nà Inísà

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìbẹ̀rù bá wà nínú rẹ̀, béèyàn bá fi eré sọ ọ́, ìdajì rẹ̀ á já sójú ọ̀nà, ẹni tó ń gbọ́ á sì máa rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó ti dákẹ́.

Ìkìrun ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Òkukù ni ilé wa. Ibẹ̀ ni ìyá mi wà, nínú yàrá tí wọ́n bí mi sí, ìjọ Aládùúrà wọn kò sì jìnnà sílé. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo máa ń gbé ọkọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, màá gba Inísà kọjá, màá lọ bá wọn jọ́sìn. Kàrínà ni ọkọ̀ náà. Ó ti dàgbà kó tó dọ́wọ́ mi, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá lọ́wọ́ mi. Àwọ̀ ewé ni. Kì í ṣe ewé tútù tó ń dán o. Ewé tí oòrùn ti pa ni, tó ti ń ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí èèpo àlùbọ́sà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, a ti kọrin, a ti gbọ́ ìwàásù, èmi ti ń ro ẹ̀wà tí ìyá mi ní kí wọ́n sè dè mí, nígbà tí ìyá àgbà kan nínú àwọn aríran dìde láàárín àwọn obìnrin. Ara wọn gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn wọn yí padà.

"Báyìí ni Ẹ̀mí wí. Mo rí ọkọ̀ kan lójú ọ̀nà Inísà. Aláwọ̀ ewé ni. Ó dojú dé. Táyà rẹ̀ ń yí, kò sì tẹ ilẹ̀ kankan. Kí ẹni tó ni ín má sùn lórí àdúrà."

Wọ́n fi etí sùtánà wọn nu òógùn ojú, wọ́n sì jókòó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jíṣẹ́ tán.

Níta, lábẹ́ igi máńgòrò, bọ́ọ̀sì funfun ti ìjọ wà níbẹ̀, ọ̀kadà mẹ́ta wà níbẹ̀, Kàrínà mi náà sì wà níbẹ̀. Kò sí ohun aláwọ̀ ewé mìíràn nínú ọgbà yẹn àfi ewé orí igi. Ẹni tí gbogbo ìjọ kò bá tíì yíjú wò lẹ́ẹ̀kan náà rí kò mọ bí ojú ṣe wúwo tó.

Arákùnrin tó jókòó tì mí fi ìgùnpá gbún mi. "Tíṣà, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà àtigbé mi délé lónìí. Màá rìn. Ìrìn dára fún ara."

Mo rẹ́rìn-ín. Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé. Mo sọ fún ara mi pé ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kò lóǹkà lójú ọ̀nà yẹn, pé ìran kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì ka nọ́ńbà. Mo sọ ọ́ fún ara mi dáadáa. Síbẹ̀, mo tẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò kí n tó ṣínà ọkọ̀.

Èmi àti ìyá mi jọ padà sílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú wọn ná, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Awọ funfun kan ti bo ẹyin ojú wọn méjèèjì láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Wọ́n ń mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán, wọ́n ń mọ̀ bí ẹnìkan bá dúró síwájú wọn, ṣùgbọ́n ohùn ni wọ́n fi ń mọ ẹni náà. Ọsibítù kan ní Ìkìrun ti fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n á bá wọn ṣí awọ náà kúrò. Àwọn dókítà tó ń ṣe é, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi í sí. Lọ́jọ́ ìran yẹn, ọjọ́ méjìdínlógún ló kù.

Èmi fúnra mi ni mo gbé wọn lọ gba káàdì ọsibítù náà lóṣù tó ṣáájú. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ní gbogbo ibi tí títì ti bàjẹ́ ni nǹkan kan ń kàn lẹ́yìn: kó, kó.

"Kí ló ń kàn lẹ́yìn mi yìí?"

"Jáàkì ni, Màmá. Jáàkì tó wà ní bùútù."

"Kí ló fẹ́ jáde wá ṣe?"

A rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ìyẹn pa mọ́ sápò yín.

Nígbà tí a délé lọ́jọ́ ìran, ìyá mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀wà.

"O ò ní wa ọkọ̀ yẹn mọ́."

"Màmá, ìran lásán..."

"Ta ní ń pè é ní lásán? Mo ní o ò ní wà á mọ́. Bó o bá wà á, èmi ò lọ sí ọsibítù kankan."

"Ẹ jẹ́ kí n háyà ọkọ̀ ẹlòmíì wá gbé yín lọ́jọ́ náà, ká wò ó."

"Ṣé èmi ni mò ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ ni? Ìwọ lò ń wà á! Wọ́n á là mí lójú ní Ọjọ́bọ̀, ìwọ á dojú dé ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, kí n wá fi ojú tuntun wo òkú ọmọ mi? Kí ojú náà kúkú fọ́ síbẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò. Bí mo bá tà á, owó tí mo máa rí kò tó ra ẹsẹ̀ ọkọ̀ míì, ilé ìwé mi sì jìnnà sílé. Ẹni tí kò ríran mọ bí a ṣe ń tẹ́tí sí ìrònú ọmọ ẹni. Ìyá mi wá ní:

"Pa á láwọ̀ dà. Kùn ún ní funfun, bíi sùtánà. Aláwọ̀ ewé ni Ẹ̀mí rí."

"Màmá, bí a bá pa á láwọ̀ dà, ṣé Ẹ̀mí ò ní mọ̀ pé òun náà ni?"

"Ẹ̀mí ló kìlọ̀. Ẹni tí wọ́n bá kìlọ̀ fún gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan. Èyí ni tìrẹ."

Bí ẹ bá bi mí léèrè lọ́jọ́ yẹn, màá ní torí ìyá mi ni mo ṣe gbà láti kùn ún. Irọ́ ni. Láti Òkukù dé Ìkìrun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wa ọkọ̀ bí ẹni tó ru agbọ̀n ẹyin nínú òjò. Kọ́nà kan wà kéèyàn tó wọ Inísà, tí àgbàrá ti jẹ etí títì níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, mo dín eré kù débi pé ọkọ̀ ń rá. Mo ń rí táyà tó ń yí lófìfo. Bàbá kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti oko ló kọjá mi, ó sì bojú wẹ̀yìn wò mí tàánútàánú.

Inísà náà ni mo ti rí akunkọ̀ tí wọ́n júwe fún mi. Alájì ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ti sún mọ́ àádọ́rin ọdún, ọ̀dà ti wọ abẹ́ èékánná wọn débi pé ọṣẹ ayé yìí kò lè yọ ọ́ mọ́. Wọ́n yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ pa á dà? Ewé tún dáa lára ẹ̀."

Mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe jẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Ẹ má bínú o. Málàíkà ló ń lé yín ni, àbí ẹni tẹ́ ẹ jẹ ní gbèsè? Ẹ fẹ́ pa àwọ̀ dà kó má baà dá yín mọ̀?"

"Alájì, ìyá mi ló ní kí n ṣe é."

"Hẹn-ẹ́n! Ìyá ti dé ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ iye."

Wọ́n kà á lé ìka. Ọ̀dà funfun gálọ̀nù kan, èyí tó dáa, kì í ṣe èyí tó máa pọ́n lẹ́yìn òjò méjì. Tínà tí wọ́n á fi pò ó. Bọ́dífíìlà tí wọ́n á fi dí kòtò ara ọkọ̀. Ọ̀dà ìsàlẹ̀, aláwọ̀ eérú, tí ọ̀dà gidi máa jókòó lé. Sánpépà oríṣi mẹ́ta, èyí tó hàn-án-hàn-án dé èyí tó rí bí awọ ahọ́n. Panẹbítà tó máa na ibi tó tẹ̀. Owó iṣẹ́ tiwọn wá gbẹ̀yìn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà òjìlénígba náírà. Ohun tí mo ní lọ́wọ́ nínú owó tí mo tọ́jú sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tíṣà fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péré ju ìyẹn lọ.

"Alájì, ṣé kò lè wálẹ̀?"

"Ó lè wálẹ̀. Àmọ́ ọ̀dà náà á wálẹ̀ tẹ̀lé e."

Mo sanwó díẹ̀ sílẹ̀, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀, mo wọ ọkọ̀ èrò padà sí Ìkìrun. Ara mi balẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, torí kò sẹ́ni tó ń wà á.

Ẹni tí kò bá tíì rí i rí á rò pé fífọ́n ọ̀dà ni iṣẹ́ akunkọ̀. Fífọ́n kọ́. Ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń múra sílẹ̀ dè é. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti kẹrosíìnì wẹ̀ ẹ́ kí òróró má kù lára rẹ̀. Wọ́n tú iná iwájú, wọ́n tú tẹ̀yìn, wọ́n tú bọ́ńpà. Nígbà tí mo padà lọ wò ó, ọkọ̀ mi dà bí àgbàlagbà tí wọ́n yọ eyín rẹ̀ sínú ife. Panẹbítà ti na ilẹ̀kùn tí ògiri ilé ìwé tẹ̀ fún mi. Alájì wá ń fi omi àti sánpépà họ ọ́, họ ọ́, láti òwúrọ̀ di ọ̀sán.

Wọ́n pè mí. "Ẹ wá wo nǹkan kan."

Níbi tí wọ́n họ dé lórí ilẹ̀kùn, abẹ́ àwọ̀ ewé náà, àwọ̀ mìíràn ni mo rí, tó ń dán bíi fàdákà. Ara mi yá gágá.

"Alájì! Ìyẹn ni pé kì í ṣe aláwọ̀ ewé ni wọ́n bí i! Ìran yẹn kì í ṣe tiẹ̀ nìyẹn!"

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìran yín tún béèrè ìwé ìbí?"

Wọ́n ní kí n di ojú mi. Wọ́n fa ọwọ́ mi lé ibi tí wọ́n ti fi bọ́dífíìlà dí, wọ́n ní kí n máa pa á lọ síwájú sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún gbogbo oníbàárà nìyẹn: wọn ò ní fọ́n ọ̀dà sí ibi tí ọwọ́ ẹni tó ni ín kò bá tíì kọjá.

"Ojú ẹni tó ni ọkọ̀ a máa rí ohun tó bá wù ú," ni wọ́n wí. "Àtẹ́lẹwọ́ kò ní ohun tó wù ú. Ṣé ẹ fọwọ́ kan ibì kankan tó ga?"

"Rárá, Alájì."

"Ó ku àwọn etí. Mi ò kì í kun ilẹ̀kùn kí n fi etí ẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni bọ́jú tí kò fọ ọrùn. Lọ́la, màá ṣí inú bùútù."

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ṣí inú bùútù. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí Ọjọ́bọ̀ ìyá mi pé. Wọ́n pè mí lórí fóònù, wọn ò bú mi, wọn ò ṣàwàdà. "Tíṣà, ẹ máa bọ̀," ni wọ́n ní, wọ́n sì pa á. Mo fi kíláàsì sílẹ̀, mo wọ ọkọ̀ èrò lọ.

Wọ́n ti ká rọ́ọ̀gì inú bùútù náà kúrò. Wọ́n mú sikurudíráfà kan, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ kan ibi tí orí ṣọ́kì ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, irin tó ń gba gbígbọ̀n ọ̀nà mọ́ra, ti so mọ́ ara ọkọ̀. Wọn ò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kàn gbé e lé e. Ó wọlé. Irin náà rí bíi bisikíìtì tí wọ́n rì bọ inú tíì. Wọ́n yí sikurudíráfà náà díẹ̀, eruku pupa dà sílẹ̀, mo sì rí ilẹ̀ Inísà láti inú bùútù ọkọ̀ mi.

"Ta ló máa ń jókòó síwájú ibí yìí?"

"Ìyá mi."

"Ṣé kì í dún ni?"

"Ó máa ń dún."

"Kí lẹ ní ó ń dún?"

Mo ní: "Jáàkì."

Wọ́n tọ́ka sí jáàkì náà. Ó wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, mo ti fi rọ́bà táyà so ó mọ́lẹ̀ fúnra mi láti bí ọdún mélòó kan, mo ta á ní kókó mẹ́ta. Jáàkì yẹn kò lè mira bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ náà sókè kí wọ́n gbọ̀n ọ́n. Èmi ni mo so ó. Èmi náà ni mo sì ń sọ pé òun ló ń kàn. Láti ìgbà tó ti ń kàn, n kò ṣí bùútù wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ẹni tó bá wò ó á rí i, ẹni tó bá rí i á tún un ṣe, owó sì ṣọ̀wọ́n lọ́dún náà.

Jórinjórin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ọmọkùnrin tó ti tó ọgbọ̀n ọdún dáadáa. Alájì pè é. Ó yọ awò dúdú kúrò lójú, ó tẹ̀ wò ó, ó súfèé.

"Bàbá, ẹ ṣe é o. Bí èyí bá já ní kọ́nà báyìí, ẹ̀yìn ọkọ̀ á wálẹ̀ lé táyà, táyà á gán, ọkọ̀ á sì gbókìtì."

"Á dojú dé," ni mo wí.

"Á dojú dé kẹ̀! Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Kò gbọ́ nípa ìran kankan. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni tàbí onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí, n kò tiẹ̀ mọ̀. Irin ló ń wò. Mo wá ibi tí mo lè jókòó sí, mo jókòó lórí táyà àlòkù kan. Mo rántí kọ́nà yẹn. Mo rántí iye ìgbà tí mo ti gba ibẹ̀, tí ìyá mi ń kọ orin ìjọ lẹ́yìn mi, tí èmi ń bá wọn gbè é, tí nǹkan ń kàn kó, kó, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí onílé ní kò sí nílé.

Alájì jẹ́ kí n jókòó díẹ̀. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó ta mí bí ìgbátí.

"Tíṣà, ẹ gbọ́. Mo lè dí i ní bọ́dífíìlà. Màá fi sánpépà kọjá lórí ẹ̀, màá fọ́n ọ̀dà sí i, á funfun bí ìyẹ́ lékeléke. Ẹ̀yin fúnra yín ò ní dá ibẹ̀ mọ̀. Owó yín á tó, ọjọ́ á sì bá a. Tàbí kí ọkùnrin yìí gé gbogbo ibi tó ti jẹrà, lọ́tùn-ún lósì, kó jó irin tuntun mọ́ ọn, kẹ́ ẹ ra ṣọ́kì méjì. Owó ọ̀dà funfun lọ nìyẹn, owó iṣẹ́ mi náà lọ nìyẹn. Èwo lẹ mú?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí ti mú kíákíá. Ẹ kò tíì gbọ́ ohùn ìyá mi. Bí ọkọ̀ náà kò bá funfun, wọn kò ní lọ. Bí wọn kò bá lọ, ọdún kan gbáko nínú òkùnkùn, àgbàlagbà kò sì mọye ọdún tó kù nínú àpò òun. Bó bá funfun, wọ́n á wọlé, wọ́n á jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún lórí bisikíìtì, ayọ̀ á sì kún inú wọn. Mo sì ro nǹkan kẹta. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín: mo rò ó pé ojú wọn kò ríran. Bí mo bá ní ó funfun, ta ló máa sọ fún wọn? Àmọ́ wọ́n á là wọ́n lójú. Ohun àkọ́kọ́ tí ojú tuntun yẹn máa rí níta ọsibítù ni irọ́ mi, tí mo gbé kalẹ̀ lórí táyà mẹ́rin.

"Ẹ jẹ́ kó jó o," ni mo wí.

Alájì mi orí. "Bó bá jẹ́ àkọ́kọ́ yẹn lẹ mú, lónìí ni ǹ bá ní kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbí. Mi ò lè fọ́n ọ̀dà bo irin tó ti jẹrà, kí n wá tú u sójú títì."

Ọjọ́ mẹ́ta ni jórinjórin fi ṣe é. Èmi ń lọ wò ó lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, bí ẹni ń wo aláìsàn. Nígbà tí wọ́n parí, Alájì ní kí n di ojú, kí n na ọwọ́ wọ inú bùútù. Mo fọwọ́ kan ibi tí wọ́n jó. Ó rí gbágungbàgun, ó le, ó tutù. N kò fọwọ́ kan ohun tó dùn mọ́ mi nínú jù ú lọ rí.

Ọ̀dà ìsàlẹ̀ wà nílẹ̀, a ti rà á. Alájì kò fẹ́ kí òjò bá irin ní ìhòòhò, wọ́n fọ́n ọn yí ọkọ̀ náà po láìgba kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Kàrínà mi ṣe di aláwọ̀ eérú, kò dán, kò sì pọ́n, ó rí bí ògiri tí wọ́n rẹ́ tí wọ́n gbàgbé láti kùn. Wọ́n já ewé ìwé kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ọkọ̀ yìí wà, wọn kò tíì kùn ún tán, kí ọlọ́pàá má baà dá mi dúró pé ìwé ọkọ̀ ń sọ ewé, ara ọkọ̀ ń sọ ohun mìíràn. Wọ́n tún ní: "Ẹ kí Ìyá. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn o. Ẹni tó lè rán yín wá bá mi, wọ́n gbọ́n jù yín lọ."

Ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, mo dé Òkukù. Ìyá mi ti wọ aṣọ funfun, wọ́n ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àpò wọn wà lórí itan. Wọ́n gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe dúró.

"O ti dé. Àwọ̀ wo ni?"

"Màmá, ẹ káàárọ̀."

"Káàárọ̀. Àwọ̀ wo ni?"

"Kì í ṣe ewé mọ́."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí kì í ṣe."

Wọ́n dìde. Wọ́n na ọwọ́ títí ó fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí pa á, díẹ̀díẹ̀, bí Alájì ṣe kọ́ mi. Ọwọ́ wọn rìn dé ilẹ̀kùn, ó rìn dé ẹ̀yìn. Mo dúró bí ọmọ tó fọ́ ìkòkò.

"Ó rí hàn-án-hàn-án," ni wọ́n wí. "Ọ̀dà funfun kọ́ nìyí."

"Kò tíì ní àwọ̀, Màmá. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ni. Owó ọ̀dà funfun, mo fi ṣe nǹkan mìíràn lára rẹ̀."

Adìyẹ kan kọjá láàárín wa. Mo ń ka ọdún kan tó ń bọ̀ nínú òkùnkùn wọn. Lójijì ni èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí mì, mo rò pé ẹkún ni.

"Kò ní àwọ̀!" Ẹ̀rín ni. "Ọkọ̀ tí kò ní àwọ̀, báwo ni aríran á ṣe júwe rẹ̀? Á ní òun rí ọkọ̀ kan tó rí bí ọkọ̀? Ṣílẹ̀kùn fún mi. Iṣẹ́jú ń lọ."

Ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí náà ni wọ́n jókòó sí.

Mo ti rò pé ìbẹ̀rù á kúrò lára mi lọ́jọ́ yẹn. Kò kúrò. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Gbogbo kòtò tó wà lọ́nà ni mo ń bẹ̀, gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tó bá ń bọ̀ níwájú ni mo ń yà fún kó tó fọn fèrè. Nígbà tí mo rí kọ́nà yẹn lókèèrè, mo yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi sókè kí n lè gbọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ dáadáa. Táyà ẹ̀yìn bọ́ sínú ibi tí àgbàrá jẹ. Mo dẹtí.

Kò sí nǹkan tó kàn.

Ìyá mi náà ń dẹtí. Mo rí wọn nínú dígí, wọ́n fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Jáàkì rẹ dà?" ni wọ́n bi mí. "Kò kàn lónìí."

Mo lè ní mo so ó. Òótọ́ ni, mo so ó. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi.

"Màmá, kì í ṣe jáàkì. Irin abẹ́ ibi tẹ́ ẹ jókòó sí ló ti jẹrà. Ó pẹ́ tó ti ń kàn, mi ò wò ó. Ibẹ̀ ni mo ná owó ọ̀dà sí."

A wọ Inísà. A kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Alájì, wọ́n gbé ọwọ́ sí wa, n kò lè gbé tèmi kúrò lórí ìdarí ọkọ̀. A jáde ní Inísà. Wọn kò tíì sọ nǹkan kan lẹ́yìn, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì bà mí lẹ́rù ju gbogbo ohun tó ń kàn látẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọwọ́ wọn tó ń wá mi lára àga. Ó rí èjìká mi. Ó dúró síbẹ̀.

"Dín eré kù," ni wọ́n wí.

Ẹ̀yin ará, eré tí mò ń sá kò tó nǹkan, bàbá oníkẹ̀kẹ́ ọjọ́sí tún lè kọjá wa. Mo dín in kù síbẹ̀síbẹ̀.